Àyẹ̀wò VITA: táàsì ọ̀fẹ́ fún òbí tó ń tọ́jú ọmọ àgbà tó jẹ́ akanda ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ́kọ́ ń fún ènìyàn ní ibùdó VITA, ètò ìjọba tó ń bá ènìyàn ṣe táàsì lọ́fẹ̀ẹ́, ni Form 13614-C. Tábìlì kan wà nínú rẹ̀ tí ẹ ó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá yín gbélé lọ́dún tó kọjá sí, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí wọn, iye oṣù tí wọ́n fi gbé lọ́dọ̀ yín, àti bóyá wọ́n ń lọ sílé ẹ̀kọ́. Àyè kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń béèrè bóyá ẹni náà jẹ́ "totally and permanently disabled". Òbí Yorùbá tó ń dé ibẹ̀ tó ń kọ "No" kò níye. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ parọ́. Ta ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àìlera ọmọ òun kò ní lọ láéláé? Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti pé ọdún mọ́kàndínlógún, tí kò sì sí nílé ẹ̀kọ́, orí àyè yẹn ni owó tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí dúró lé, pàápàá EITC (Earned Income Tax Credit), owó tí ìjọba àpapọ̀ ń fún òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀.

Ìtumọ̀ tí òfin táàsì fún ọ̀rọ̀ náà kò le tó bó ṣe ń dún létí. Nǹkan méjì ni. Èkíní, ẹni náà kò lè ṣe iṣẹ́ tó ń mú owó gidi wọlé nítorí àìlera ara tàbí ti ọpọlọ. Èkejì, dókítà sọ pé àìlera náà ti wà fún ọdún kan gbáko láìdáwọ́ dúró, tàbí pé ó ṣeé ṣe kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tàbí kó yọrí sí ikú. Òfin ò ní kí ẹ sọ pé Ọlọ́run ò lè wò ó sàn. Ọdún tí ẹ ń ṣe táàsì rẹ̀ nìkan ni ìbéèrè náà kàn. Bí ara rẹ̀ bá yá lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ ó kọ "No" lọ́dún náà, kò sì sí ẹni tí yóò bi yín léèrè.

VITA ni ètò tí IRS, iléeṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀, fi ń bá àwọn tí owó wọn kò pọ̀ ṣe táàsì lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé ìkàwé, gbọ̀ngàn àdúgbò, ilé ìjọsìn àti yunifásítì ni ibùdó rẹ̀ sábà máa ń wà, láti ìparí oṣù Kìíní títí di àárín oṣù Kẹrin. Ní sáà 2025, $67,000 lọ́dún ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n owó tó ń wọlé fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó. Wọ́n tún dárúkọ akanda ẹ̀dá, àti ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì kò yọ̀ mọ́ lẹ́nu, lára àwọn tí ètò náà wà fún. Àwọn tó ń ṣe é kì í gba owó oṣù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ìdánwò IRS, wọn kò sì gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, ìbáà jẹ́ owó ọpẹ́. Láti mọ ibùdó tó sún mọ́ yín, ẹ pe 800-906-9887.

Ohun tó dára jù nínú rẹ̀ lójú wa ni pé ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ tún iṣẹ́ ẹni àkọ́kọ́ wò, lójú yín tàbí lórí fóònù pẹ̀lú yín, kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń gbowó, ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n sì ń ka owó ní fọ́ọ̀mù-fọ́ọ̀mù: Schedule EIC, tí wọ́n fi ń gba EITC, ní owó tirẹ̀, Form 2441, tó wà fún owó ìtọ́jú, ní tirẹ̀. Bí ẹ bá gbà kí wọ́n yọ owó iṣẹ́ wọn lára rífọ́ǹdì, owó mìíràn tún wà lórí ìyẹn. Ẹni tó bá sì gbowó, tí kò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, tí kò kọ nọ́ńbà PTIN rẹ̀ síbẹ̀ (èyí tí IRS ń fún ẹni tó ń gbowó ṣe táàsì), ẹ sá fún un o. Ọjọ́ tí wàhálà bá dé, orúkọ yín nìkan ni wọn yóò rí.

Nígbà náà, èló ló wà nínú rẹ̀? Ìyá kan tó ń dá tọ́mọ, owó iṣẹ́ rẹ̀ lórí W-2 (ìwé owó iṣẹ́ ọdún láti ọ̀dọ̀ agbanisíṣẹ́) fún 2025 jẹ́ $32,000. Ọmọ rẹ̀ jẹ́ ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbé, kò ní owó kankan tirẹ̀. Ká ní wọ́n kọ "Yes" fún un: wọ́n á ṣe táàsì ìyá náà gẹ́gẹ́ bíi Head of Household (ipò ẹni tó ń dá gbé bùkátà ilé, tí táàsì rẹ̀ kéré ju ti Single, ẹni tó dá wà, lọ), owó tí wọn kò ní í bù táàsì lé á jẹ́ $23,625, táàsì tó kù á sì jẹ́ nǹkan bí $840. Wọ́n á yọ $500 ti Credit for Other Dependents, ẹ̀dínwó táàsì lórí ẹni tí ẹ ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, kúrò níbẹ̀, á ku $340. Lẹ́yìn náà ni EITC á wọlé, nǹkan bí $2,940, owó tí ìjọba ń san fún ènìyàn bí kò tilẹ̀ jẹ táàsì kankan.

Ká wá ní wọ́n kọ "No". Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń tan ènìyàn jẹ rèé. Kọ̀ǹpútà kò ní í lé ọmọ náà jáde. Yóò kàn gbé e kúrò ní ipò ọmọ tó kúnjú ìwọ̀n (qualifying child) sí ipò ìbátan tó kúnjú ìwọ̀n (qualifying relative), nítorí pé kò ní owó tó tó $5,200, òdiwọ̀n ọdún 2025, ìyá rẹ̀ ló sì ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Head of Household á ṣì wà níbẹ̀, $500 náà á ṣì wà níbẹ̀. EITC nìkan ló máa lọ, kò sì sí ohun tó máa kígbe pé ó ti lọ. Ìyá á rí rífọ́ǹdì díẹ̀ gbà, á dúpẹ́, á sì máa lọ sílé.

Èyí tó tún burú jùyẹn lọ ni ti ọmọ tó ń lọ sí ibi iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún akanda ẹ̀dá láti kọ́ wọn níṣẹ́ àti láti tọ́jú wọn, tí wọ́n ń san bíi $500 fún un lóṣù. Òfin ní kí wọ́n má ka irú owó yẹn bí wọ́n bá ń wo òdiwọ̀n $5,200, ṣùgbọ́n fún ẹni tí wọ́n kọ "Yes" fún nìkan. Bí ó bá jẹ́ "No", $6,000 ti kọjá $5,200 nìyẹn: kò sí $500, kò sí Head of Household, kò sí EITC. Ìyá náà á di Single, táàsì rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bí $1,710. Láàárín "Yes" àti "No", ohun tó sọnù tó $4,300. Ti ìpínlẹ̀ ò sí nínú ìṣirò yìí o: New York ń fi ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún EITC ìjọba àpapọ̀ lé e, Illinois ń fi ìdá ogún lé e. Àwọn ará Texas kò ní táàsì ìpínlẹ̀ lórí owó iṣẹ́, nítorí náà ẹ̀yin ará Houston, ti ìjọba àpapọ̀ nìkan ni tiyín.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń ṣiṣẹ́ gidi níbi tí òun àti ẹni tí ara rẹ̀ dá pé ti jọ ń du iṣẹ́, tó ń gba ó kéré tán owó tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀, "Yes" kò tọ́ sí i mọ́. Àwọn kan á ní ẹ fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé kò sí ẹni tó máa mọ̀. W-2 ọmọ náà wà lọ́wọ́ IRS.

Fún ọdún 2025, EITC tó pọ̀ jù lórí ọmọ kan jẹ́ $4,328, méjì $7,152, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ $8,046. Ẹni tó ní ọmọ kan kò gbọdọ̀ ní owó tó tó $50,434, tàbí $57,554 bí tọkọtaya bá jọ ṣe é. Nọ́ńbà Social Security ọmọ náà gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó lè fi ṣiṣẹ́, ì báà má tilẹ̀ ṣiṣẹ́ rí. ITIN, nọ́ńbà táàsì ẹni tí kò lè gba ti Social Security, kò wọlé fún EITC, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wọlé fún $500 yẹn. Child Tax Credit tí gbogbo ayé mọ̀ ńkọ́? Ó ti parí lọ́jọ́ tí ọmọ pé ọdún mẹ́tàdínlógún. Kò sí àyọ̀ǹda fún akanda ẹ̀dá níbẹ̀, ẹ má bá òṣìṣẹ́ VITA jà lórí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, lẹ́yìn EITC àti $500 yẹn, ni ti owó ìtọ́jú. Bí ẹ bá ń sanwó fún ẹni tó ń wo ọmọ náà kí ẹ lè lọ síbi iṣẹ́, tí ọmọ náà kò sì lè dá wẹ̀, dá jẹun tàbí dá wọṣọ, Form 2441 ń ka tó $3,000 nínú owó náà lórí ẹnì kan. Lórí táàsì ọdún 2025, ẹni tí owó rẹ̀ bá kọjá $43,000 á gba ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn $600. Bí ìtọ́jú bá jẹ́ ní ìta ilé, ọmọ náà gbọ́dọ̀ máa lo ó kéré tán wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ nílé yín. Tọkọtaya méjèèjì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́. Ibi tó ti sábà máa ń bàjẹ́ ni pé màmá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ń bá wọn wò ó, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń san, màmá náà kò sì fẹ́ kí orúkọ òun dé IRS. Fọ́ọ̀mù náà ń béèrè orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà Social Security tàbí EIN (nọ́ńbà táàsì iléeṣẹ́) ẹni tí ẹ sanwó fún. Inú oṣù Kìíní, nígbà tí iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, ni kí ẹ ti fún un ní Form W-10 kó kọ ìwọ̀nyí sí, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ ṣe táàsì.

Ọ̀rọ̀ tó gba sùúrù jù lórí gbogbo èyí ni ti owó Social Security tí ọmọ àgbà ń gbà lórí iṣẹ́ tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ṣe, nígbà tí òbí náà bá ti kú tàbí ti fẹ̀yìn tì. Owó yẹn, tí wọ́n bá ná an lórí ọmọ náà, òfin kà á sí pé ọmọ ló fi gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Ká ní ó ń gba $1,100 lóṣù, ìyẹn $13,200 lọ́dún, tí gbogbo bùkátà rẹ̀ jẹ́ $24,000. Ó ti san ju ìdajì lọ. Nítorí náà kò lè jẹ́ ẹni tí ẹ ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ lórí táàsì: $500 lọ, Head of Household lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀, títí kan àwọn tó ń gbowó, ti ń pa gbogbo rẹ̀ tì. Àṣìṣe ni. EITC kì í béèrè ẹni tó gbọ́ bùkátà. Ìbátan, ọjọ́ orí tàbí àìlera, àti ibùgbé ló ń béèrè. Ìyá náà á ṣe táàsì rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi Single, á kọ ọmọ náà sí Schedule EIC, á fi àmì sí "Yes" ní ìlà 4b, á sì gba owó rẹ̀. Ẹ tún rántí pé owó tí wọ́n bá fi pamọ́ kò sí nínú bùkátà. Bí $2,000 nínú $13,200 yẹn bá lọ sínú àkáǹtì ABLE ọmọ náà (àkáǹtì ìfowópamọ́ fún akanda ẹ̀dá), tí ẹ̀yin sì fi tiyín dí i, $11,200 péré ló ná lórí ara rẹ̀. Kò tó ìdajì mọ́, gbogbo ohun tó lọ sì padà wá.

SSI, owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba fún akanda ẹ̀dá àti àgbàlagbà tí kò lówó, kò ní táàsì, gbígbà á kò sì dí EITC lọ́wọ́. Ẹ̀rù tún ń ba àwọn òbí pé rífọ́ǹdì lè gba Medicaid, ètò ìwòsàn ìjọba fún ẹni tí kò lówó, lọ́wọ́ ọmọ. Òfin ìjọba àpapọ̀ kì í ka rífọ́ǹdì táàsì sí owó tó wọlé, kì í sì í kà á mọ́ ohun ìní fún oṣù méjìlá lẹ́yìn tó dé.

Àwọn ènìyàn wa tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú pọ̀, nítorí náà èyí kàn wá gan-an: àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń san owó fún òbí láti tọ́jú ọmọ tirẹ̀ nílé lábẹ́ Medicaid waiver, apá Medicaid tó ń sanwó ìtọ́jú nílé. Bí ẹ̀yin àti ọmọ náà bá jọ ń gbé inú ilé kan, Notice 2014-7, ìkéde IRS kan, sọ pé kò sí táàsì lórí owó náà. Ìdájọ́ Feigh ní ilé ẹjọ́ táàsì ní 2019 wá sọ pé ẹ ṣì lè kà á sí owó iṣẹ́ fún EITC. Ẹ lè ka gbogbo rẹ̀, ẹ sì lè má ka ìkankan, ṣùgbọ́n ẹ kò lè bù ú sí méjì. Òṣìṣẹ́ VITA tó mọ iṣẹ́ á ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, á wo èyí tó mú owó púpọ̀ wá. Ẹ ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ bi í léèrè Schedule 1, ìlà 8s. Ẹni tí owó yẹn nìkan jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ lè gba EITC lórí owó tí kò san táàsì kankan lé lórí.

Ibi tí VITA ti kùnà, a ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń wa Uber tí ìnáwó yín sì ju owó tó wọlé lọ, wọn kò ní í ṣe é. Bí ẹ bá ní ilé tí ayálégbé wà nínú rẹ̀, wọn kò ní í ṣe é. Ìwọ̀nba ibùdó ló ń ṣe ITIN. Tọkọtaya gbọ́dọ̀ jọ wá fọwọ́ sí i, èyí tó ṣòro fún ẹni tí ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Òye àwọn òṣìṣẹ́ kò dọ́gba: akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́kọ́ ń ṣe é lọ́dún yìí lè mọ EITC ọmọ kékeré dáadáa, kó má sì tíì rí ti ọmọ ọdún márùndínlógójì rí. Ẹ má tijú, ẹ sọ ọ́ fún un kó tó bẹ̀rẹ̀: "Ọmọ mi àgbà yìí jẹ́ totally and permanently disabled, mo fẹ́ kí ẹ wò ó fún EIC." Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ṣòro, ẹ béèrè ògbufọ̀ orí fóònù. Nínú máàkì márùn-ún, mẹ́rin la fún VITA fún iṣẹ́ yìí.

Ohun tí ẹ ó mú lọ: káàdì ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò, káàdì Social Security gbogbo ẹni tó wà lórí táàsì, ti ọmọ náà pẹ̀lú, gbogbo W-2 àti 1099, SSA-1099 ọmọ tó bá ń gba Social Security, táàsì ọdún tó kọjá, nọ́ńbà báǹkì. Ẹ wo orúkọ ọmọ lórí káàdì dáadáa. Lẹ́tà mẹ́rin àkọ́kọ́ nínú orúkọ ìkẹyìn ni ẹ̀rọ IRS fi ń bá nọ́ńbà náà mu. Àwọn tí wọ́n gbé orúkọ ìdílé síwájú, tí orúkọ tí wọ́n ń pè é wá di last name lórí káàdì, ìyẹn pọ̀ láàárín wa. Ohun tó wà lórí káàdì ni kí wọ́n tẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ àṣìṣe, títí ẹ ó fi tún un ṣe ní ọ́fíìsì Social Security. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ á dá a padà.

Lẹ́tà dókítà kì í bá táàsì lọ, ilé ló ń gbé. Ṣùgbọ́n ẹ gbà á kí ẹ tó lọ. Kó wà lórí ìwé tó ní orúkọ ilé ìwòsàn, kó ní ọjọ́ àti ìfọwọ́sí, kó sì sọ ohun méjì tí òfin sọ yẹn, pé kò lè ṣiṣẹ́ tó ń mówó wọlé nítorí àìlera báyìí, àti pé ó ti pẹ́ tó ọdún kan tàbí ó máa pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọdún tó kàn. Lẹ́tà tó kàn ní "ó ní autism" tàbí "ó ní sickle cell" kò tó. Orúkọ àìsàn kọ́ ni wọ́n ń béèrè, ohun tí àìsàn náà ṣe sí iṣẹ́ ni.

Ọjọ́ tí ìwé CP75, èyí tí IRS fi ń béèrè ẹ̀rí lórí EITC yín, bá dé, lẹ́tà yẹn ni ẹ ó kọ́kọ́ wá. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fún ènìyàn. Form 886-H-EIC ló sọ ìwé tí wọ́n fẹ́: ìwé ìbí fún ìbátan, lẹ́tà dókítà tàbí ti àjọ ìrànlọ́wọ́ fún àìlera, àti ìwé tó so orúkọ ọmọ mọ́ àdírẹ́sì yín fún ju ìdajì ọdún lọ, bí àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn tàbí lẹ́tà onílé. VITA kì í dúró fún yín níwájú IRS lórí èyí. Low Income Taxpayer Clinic, ibi tí wọ́n ti ń gbèjà ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ níwájú IRS, ni ẹ ó wá lọ. Ẹ má ṣe dákẹ́: bí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé EITC yín, Form 8862 ni ẹ ó máa kọ kí ẹ tó tún rí i gbà. Bí wọ́n bá ní ẹ̀ ń fi òfin ṣeré, ọdún méjì ni wọn kò ní fi fún yín, ọdún mẹ́wàá fún jìbìtì.

Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ akanda ẹ̀dá, ẹ gbọ́: òfin ní kí ọmọ tó kúnjú ìwọ̀n kéré sí yín lọ́jọ́ orí, àfi ẹni tó bá jẹ́ "permanently and totally disabled". Nítorí náà ẹ̀gbọ́n ẹni ọdún àádọ́ta lè wà lórí Schedule EIC àbúrò rẹ̀, bó bá ti bá a gbé ju oṣù mẹ́fà lọ. Èyí tó ti kó lọ sí group home, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú akanda ẹ̀dá, láti máa gbé níbẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́ fún EITC. Ilé ìwòsàn tàbí ilé ẹ̀kọ́ tí yóò ti padà wálé kò dí i lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí màmá àgbà ní Ìbàdàn fún oṣù mẹ́jọ, EITC ọdún yẹn ti lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà.

Ẹni tó bá ń kọ "No" láti ọdún wá kò pẹ́ jù. Ọdún mẹ́ta láti ọjọ́ tó yẹ kí táàsì kan ti wọlé ni wọ́n fi fún yín láti fi Form 1040-X tún un ṣe, kí ẹ sì gba ohun tó ṣẹ́kù. Dókítà gbọ́dọ̀ lè kọ ọ́ pé ó rí bẹ́ẹ̀ ní ọdún kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń padà sí, nọ́ńbà Social Security ọmọ náà sì gbọ́dọ̀ ti jáde kó tó di ọjọ́ tó yẹ kí táàsì ọdún náà ti wọlé. Kì í ṣe gbogbo ibùdó VITA ló ń ṣe ọdún àtẹ̀yìnwá, nítorí náà ẹ béèrè lórí fóònù kí ẹ tó kó ìwé jáde nílé.